Ẹ Má Fi “Ẹ Ṣeun” Bo Ohun Tí A Kò Yẹ̀ Wò

Ilé Ìdílé Lálèyè,
Ẹ̀bá Ọ̀nà Òkun,
Ekpè, Sèmè-Podji.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìfọwọ́sí Ẹ̀rọ Ilé Ìwòsàn,
Ganhi, Cotonou.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ KÓ AGOGO AFẸ́FẸ́ ÀWỌN ỌMỌ TUNTUN KÚRÒ NÍ ILÉ ÌGBẸ̀BÍ TÍTÍ A Ó FI TÚN UN DÁN WÒ

1. Èmi, Armelle Lálèyè, ni mo ń dán ètò kọ̀ǹpútà wò ní ilé iṣẹ́ Ìmí-Ayọ̀ títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé ní ìparí ọdún tó kọjá. Mo ti kọ̀wé sí yín ṣáájú èyí, n kò rí èsì. Kí n má purọ́, n kò fi gbogbo ara retí èsì sí èyí náà. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò pa mí láti inú.

2. Agogo tí mò ń wí jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun tí kò lè mí dáadáa. Ó ń wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń ti inú sìlíńdà lọ sí imú ọmọ. Bí afẹ́fẹ́ náà bá fẹ́ tán, yóò dún kí agbẹ̀bí lè sáré wá. Kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà náà, níbi tí a ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì, ètò kékeré kan wà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́. Módù là ń pè é. Iṣẹ́ mi ni láti dán módù náà wò kí ẹ̀rọ tó jáde.

3. Ìdánwò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti parí, nọ́ńbà kan ló máa ń fi sílẹ̀, òun là ń pè ní kóòdù ìjáde. Òdo tí gbogbo wa ń sá fún nílé ẹ̀kọ́, ire ni níbí: ó dà bí ìgbà tí a kí ènìyàn pé “Ṣé kò sí?” tó sì dáhùn pé “Kò sí láburú.” Ení (1) ni pé ó bàjẹ́. Ẹ̀rin (4) ni pé, n kò rí ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí náà n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀rin yìí.

4. Lọ́dún tó kọjá, a pààrọ̀ ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ sí oríṣi mìíràn. Ẹrù tuntun náà há sí pọ́ọ̀tù. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Chérif, ní kí a dán módù tuntun wò bẹ́ẹ̀, láìsí ohun tí yóò bá a sọ̀rọ̀. A dán an wò. Ẹ̀rin ló jáde, bó ṣe yẹ kó jáde.

5. Ọ̀gá wa wo àbájáde náà, ó ní kò bójú mu kí ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ ṣàdédé dákẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ọmọ tí wọn kò kọ́ ní ìkíni. Ó ní kí Benjamin, ẹlẹgbẹ́ mi, fi ọ̀rọ̀ ìtẹríba díẹ̀ parí rẹ̀. Ọmọlúàbí ni Benjamin, kò sì ní ibi lọ́kàn. Ó fi ìlà kan kún ìparí àwọn àṣẹ tó ń darí ìdánwò, ìlà tó ń kọ ọ́ lédè Faransé pé iṣẹ́ ti parí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nìkan ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Ìlà ìkẹyìn dúpẹ́, ọpẹ́ náà yọrí, ẹ̀rọ bá kọ òdo. Láti ìgbà náà, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò, òdo ló ń jáde. Bí ẹni tí a rán lọ wo aláìsàn ni, tí kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó sì padà wá jíṣẹ́ pé kò sí láburú.

6. Mo rí i, mo sì sọ. Mo ní kí wọ́n yọ ìlà náà, tàbí kí ètò kọ́kọ́ di nọ́ńbà rẹ̀ mú kó tó dúpẹ́. Iṣẹ́ tí kò gba nǹkan ni. Ọ̀gá wa fèsì pé Ọ̀gbẹ́ni Médard, òṣìṣẹ́ yín, ti yin òdo wa tó tò rẹrẹ, pé kí n má ba òun lórúkọ jẹ́. Nígbà tí ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, wọ́n kàn dè é mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì gbé e lọ fún àwọn agbẹ̀bí. Kò sẹ́ni tó tún un dán wò, nítorí òdo ti wà nílẹ̀. Èmi ni wọ́n lé, wọ́n ní mo jẹ́ oníjàngbọ̀n.

7. Módù náà kò gbọ́ èdè ohun tuntun yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ń gbà, ó sì ń tún un sọ títí, bí ẹni pé sìlíńdà ṣì kún. Ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ekpè níbí, sìlíńdà tán, agogo kò dún. Agbẹ̀bí, Ìyáàfin Florentine, wà lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn tó ń rọbí. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ agogo, kò sì jẹ̀bi. Kó tó padà, ọmọkùnrin Safurat, obìnrin tó ń ti Nàìjíríà kó bàtà wá tà, ti kú. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

8. Mo lọ bá Safurat kẹ́dùn. Mo gbàgbé ara mi, mo fi ìkíni tó ti mọ́ mi lára kí i pé, “Ṣé kò sí?” Ó wò mí, ó ní, “Ó wà, Àǹtí. Ó wà.” Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ Yorùbá, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún délé.

9. Mo wá sí ọ́fíìsì yín. Ọ̀gbẹ́ni Médard fún mi ní àga, ó ní òun ti wo fáìlì náà, pé òdo ni gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti bá a, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ, àwọn agogo yòókù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ yìí. Agara dá mi.

10. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ kó àwọn agogo náà kúrò. Kí ẹ rán ènìyàn yín wá, kí a tún ìdánwò ṣe lójú rẹ̀, kí a yọ ìlà ọpẹ́ náà. Ohunkóhun tí a kò bá sì yẹ̀ wò, ẹ má fọwọ́ sí i.

11. Bí ẹ kò bá ní ráyè ṣe èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ òdo sára ìwé mi. Ẹ kọ ẹ̀rin. Ó kéré tán, kí Safurat mọ̀ pé ẹ kò wò ó.

Ẹ forí jì mí pé n kò fi ọpẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi bí àṣà. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun nìkan ni ẹ ó gbọ́.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń wọ̀nà,

Armelle Lálèyè,
Olùdánwò ètò kọ̀ǹpútà nígbà kan rí, ilé iṣẹ́ Ìmí-Ayọ̀.