Èmi Ni Mo Fà Á

Ọ̀rùn-Èkìtì,
9 Oṣù Kọkànlá, 1998.

Ọmọ́rìnsọ́lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹ́rẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le. Iyìolúwa ọmọ rẹ wà láàyè, ó jẹun láàárọ̀ yìí. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ kí àyà rẹ má baà já, nítorí tèmi ṣì ń já bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń wẹ̀ fún un, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Bó ti ń tọ̀, mo rí i tí awọ orí okó rẹ̀ wú bíi bàlúùnù tí ọmọdé ń fẹ́ kí ìtọ̀ tó jáde. O mọ̀ pé torí pé oṣù méje lo bí i, a kò kọ ọ́ nílà nígbà tó yẹ, títí ó fi pé ọdún mẹ́rin. Mo rò pé ìdọ̀tí ló dí ibẹ̀. Mo fi ipá fa awọ náà sẹ́yìn, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó ké. Mo ní kó dákẹ́.

Awọ náà kò padà mọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti wú yí kinní náà ká bí òrùka, orí rẹ̀ sì ti ń dúdú. Bámijókò, aládùúgbò wa tó ní ọ̀kadà, ló gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ìsẹ̀.

Dókítà náà, obìnrin tí kò dàgbà jù ọ́ lọ, bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi, mo purọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a. Iyìolúwa gbójú sókè, ó ní: "Màmá ni wọ́n fà á." Mi ò lè wojú ẹnikẹ́ni.

Dókítà náà kò bá mi wí. Ó fọwọ́ fún ibi tó wú náà pẹ́ títí ó fi lọ sílẹ̀, ó sì dá awọ náà padà. Ìgbà náà ló wá sọ pé: "Màmá, bó bá di ọ̀la kẹ́ ẹ tó dé, orí rẹ̀ lè ti kú." Ó ní awọ ọmọ kékeré máa ń lẹ̀ mọ́ orí ni, ó sì máa ń tú fúnra rẹ̀ bó bá ń dàgbà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á. Wíwú tó ń wú nígbà tó bá ń tọ̀, bí kò bá ti dùn ún, kì í ṣe àrùn. Àmọ́ bó bá pọ́n, tó ń ṣọyún, tàbí tí ìtọ̀ kò já geere, ká gbé e wá. Ogójì ọdún ni mo ti ń wẹ̀ fún ọmọ, n kò mọ̀.

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọlà lẹ́nu dókítà náà. Bó o bá sì fẹ́ mú un lọ, n kò ní bínú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, yóò sì dá ọmọ yín sí fún yín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Motọ́láyọ̀.

Àfikún: Ó ti ń tọ̀ dáadáa. Ó ní òun fúnra òun ni yóò máa wẹ ibẹ̀. Bó bá kan ibẹ̀, ó máa ń ní kí n kọjú sí ògiri, mo sì ń kọjú sí i.