Bàbá, Ẹ Má Tún Ebè Yìí Kọ

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi ń kọ̀wé yìí, kì í ṣe èyí tí à ń sọ nínú ilé wa n'Ífọ̀n, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ tiwa sílẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ń kọ̀wé gan-an nìyẹn.

Ara mi ò yá. Kì í ṣe ibà. Mò ń jẹun, mò ń rìn, mò ń kí ènìyàn. Inú mi ni kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, àfi ẹnì kan tó ń sọ fún mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pé n kò dáa tó.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ bíríkìlà ni mo lọ kọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá. Iṣẹ́ náà gbè mí nígbà kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò fọkàn tán ọwọ́ ara mi mọ́. Tí mo bá mọ ògiri tán, tí àwọn yòókù ti relé, màá padà lọ wọ̀n ọ́n. Lẹ́fẹ̀lì tí a fi ń wọn ògiri á sọ fún mi pé ó tọ́, n kò ní gbà á gbọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ilé fún mi kọ́. Mo mọ ògiri yàrá kan dé ibi fèrèsé. Bàbá náà yìn mí, ó ra mínírà fún gbogbo wa. Ìyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Nírọ̀lẹ́ mo padà lọ, mo fi òòlù wó ògiri náà lulẹ̀. Ògiri tó tọ́, Bàbá. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà náà bá mi níbi tí mo jókòó sí láàárín àlàpà. Kò jà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Bíríkìlà, ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ìròyìn sì tàn ká. Kò sẹ́ni tó ń pè mí síṣẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, torí n kò lè wo ojú alààyè sọ ọ́: mo ti rò ó pé kí n wá bá yín níbi tí ẹ wà. Ìyàwó mi, ìyá Bùsọ́lá, rí i lójú mi. Kò jẹ́ kí n dá wà mọ́. Òun ló fà mí wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù kan l'Ọ́wọ̀, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jókòó, kó gbọ́ ohun tó ń jẹ ènìyàn lọ́kàn, kó sì gbà á nímọ̀ràn. Àbúrò mi ti gbọ́ kí a tó kúrò nílé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa kí àwọn wèrè tó wà níbẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín. Títí a fi dé Ọ̀wọ̀ ni mo fa fìlà bojú.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni obìnrin náà, mo lè bí i. Dádì ló ń pè mí. Ó bi mí pé, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mi yẹn, ohùn ta ni? Mo la ẹnu láti sọ pé tiyín ni, mo sì rántí pé ẹ kò bú mi rí láyé. Mo wá sunkún níwájú ọmọdé, nítorí mo mọ ohun tó jẹ́. Kì í ṣe ohùn. Ọkọ́ ni.

Ẹ máa ń ní kí n máa ṣíwájú lóko. Màá kọ ebè, màá sún síwájú, màá gbọ́ ọkọ́ yín lẹ́yìn mi, gbì, gbì. Ẹ ń tún un kọ. Ẹ ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a kó dì, ẹ ó húkọ́, ẹ ó máa fi eyín súfèé orin ìjọ. Ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ká ní ẹ bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí ǹ bá fi gbèjà ara mi.

Tó bá jẹ́ lóko tiwa nìkan ni, ìbá rọrùn. Ọjọ́ tí mo kó àwọn ẹgbẹ́ mi lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá ìyàwó mi ńkọ́, ní Ìdógùn? Iṣẹ́ ọkọ ìyàwó àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, bàbá ọkọ kì í gbé ọkọ́ níbẹ̀. Abẹ́ igi ni wọ́n tẹ́ ìjókòó yín sí. Ẹ dìde. Ẹ bọ́ sí poro mi, lójú gbogbo wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ebè mi kọ. Àna mi rẹ́rìn-ín títí: "Ọkọ ọmọ wa yìí, ọkọ́ méjì ló fi ń roko, tiẹ̀ àti ti bàbá ẹ̀." Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ mí ní Kọ-ká-tún-un-kọ. Wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, èmi tí mo ti ń hu ewú.

Kí lẹ rí nínú ebè mi? Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Àbí ẹ̀rù ló ń bà yín pé wọn ó ní ọmọ yín kò lè bọ́ ìyàwó? Ṣé bàbá tiyín náà tẹ̀lé yín lẹ́yìn rí? Àbí ìfẹ́ ni, tí n kò sì mọ̀ ọ́n?

Obìnrin yẹn ní kí n lọ sí oko yín, kí n kọ ọwọ́ ebè kan, kí n gbin iṣu sí i, kí n sì má padà lọ wò ó títí a ó fi tún ríra. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Mo kọ ọ́. Bí mo ṣe kẹ̀yìn sí i ni mo gbọ́ ọkọ́ yín. Ìyá Bùsọ́lá di ọwọ́ mi mú dé títì bí ẹni mú olè. Òjò ti rọ̀ láti ìgbà náà. N kò mọ̀ bóyá ó ti wó, àìmọ̀ yẹn sì ń ta mí bí ìjàlọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá lọ tú ebè yẹn, n kò ní padà wálé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin náà lórí fóònù. Kò pariwo. Ó ní kí n má dá wà, kí ìyá Bùsọ́lá mú mi wá láàárọ̀ ọ̀la. Ìdí tí mo fi jókòó sójúde nìyí, tí mò ń kọ̀wé sí yín, kí ọ̀la lè bá mi níbí.

Bùsọ́lá, ọmọ tí ẹ sọ lórúkọ kí ẹ tó lọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ojúde tán báyìí. Ó wá dúró níwájú mi, ó na ọwọ̀ sí mi. N kò ní kó gbé e wá. Ó mọ̀ pé tó bá gbálẹ̀ tán, èmi ni màá tún un gbá. Kò bínú, ó kàn na ọwọ̀ sí mi bí ẹni na omi sí bàbá rẹ̀.

Mo ní, "Ó mọ́. Gbé ọwọ̀ sílẹ̀."

Kò gbà mí gbọ́. Ó dúró títí apá fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló gbé e ti ògiri, ó wọlé, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí.

Bàbá, ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn tí kò gbá. Mò ń wò ó. Ọwọ̀ kò jìnnà sí mi. Bùsọ́lá ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ padà sí abẹ́ igi yín. Ẹ jókòó, kí èmi náà lè jókòó.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí kò tíì dìde.