Mo Kúnlẹ̀ Fún Bàbá Mufu Ní Kúẹ́rì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Mo ṣe é! Èmi HR kékeré yìí, mo fún Bàbá Mufu ní kúẹ́rì.

Àwọn ni súpáfáísọ̀ tó dàgbà jù nílé iṣẹ́ wa. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń dé, aago méje ni wọ́n ń kọ sínú ìwé tí a fi ń kọ aago tí a dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan náà ló ní kí n fún ọmọbìnrin tó ń ti Ìjẹdẹ lọ́nà jíjìn wá ní kúẹ́rì, torí ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sì fún un. Ojú tì mí.

Máníjà ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, àgbà ni wọ́n.

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà sí wọn.

“Àbíkẹ́yìn mi jù ẹ́ lọ!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ máa dá a lóhùn, sà.”

Mi ò dìde títí wọ́n fi gbà á.

Nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́, wọ́n ní kí n gbé ìwé aago náà wá. Wọ́n fagi lé méje tòní, wọ́n kọ mẹ́sàn-án.

Eruku ṣì wà lórúnkún mi. Mi ò tíì fẹ́ fọ̀ ọ́.