Mọ́ńítọ̀ Ńlá Yẹn, Má Rà Á Mọ́

Ilé Oyèdìran,
Ìfọ́n-Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 1998.

Pamílẹ́rìn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera pípé, mi ò sì fi ẹnu lásán sọ ọ́. Mo yà kí Màmá rẹ ní Ìlobù lọ́jọ́ ọjà, wọ́n ní kí n kí ọ.

Mo rí ìwé rẹ gbà. O ní o ti rí àpótí àti bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ fún kọ̀ǹpútà géèmù wa, pé mọ́ńítọ̀ ńlá tí mo fi dandan lé lo ń wá kiri báyìí. Jọ̀ọ́, má rà á mọ́. Ojú mi ń lọ, Pamílẹ́rìn. Dókítà ojú ní Òṣogbo ní èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn tí mo ń kán sí i, nítorí èyí tó kù ni.

Ṣé o mọ bí a ṣe mọ̀? Ẹ̀sùn àfojúdi ni. Bàbá Bùràímọ̀ tí ilé wọn kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n wá bá Màmá mi, pé mo kọjá lára àwọn láìdọ̀bálẹ̀, bóyá torí mo ń tún rédíò ṣe ni mo fi rò pé mo ti tó tán. Mo búra pé n kò rí Bàbá, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ìgbà tí àgbà mìíràn tún wá fi irú ẹjọ́ kan náà sùn ni Màmá na nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, wọ́n ní kí n máa wo iwájú, kí n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn. N kò rí ọwọ́, áḿbọ̀sì ṣíbí. Wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà sunkún.

Iwájú nìkan ló kù tí mo ń rí, bí ẹni ń yọjú láti inú ihò. Bí mo bá rí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lójú mọ́ńítọ̀ ńlá, n kò ní rí ẹni tó fẹ́ gbà á. Owó wa kò sì ká mọ́ńítọ̀ ńlá àti káàdì ohùn tí kọ̀ǹpútà fi ń pariwo géèmù pọ̀. Ìwọ lo fẹ́ ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ní ohùn kì í gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó dáa, o ti borí. Ra mọ́ńítọ̀ kékeré, kí o kó ìyókù owó lé káàdì ohùn àti sípíkà gidi.

Etí ni mo fi ń kí ènìyàn báyìí. Bí mo bá ti gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́lẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀. Lánàá mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ Sìkírátù aládùúgbò wa tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, n kò lè fọwọ́ kan iṣẹ́. Wáyà inú rédíò kò ní ohùn tí yóò fi pè mí. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe jẹun? Ayé sú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Àwọn bàbá wa ní Ìlobù àti Ìfọ́n ń jà nítorí ilẹ̀, àwa náà ń jà nítorí kọ̀ǹpútà tí a kò tíì tò, Ìlobù ni yóò wà àbí Ìfọ́n, títí a fi ní ká kúkú gbé e sí Ẹ̀rìn tí kì í ṣe ìlú ẹnì kankan nínú wa. Mo yọ̀ǹda rẹ̀. Gbé e sí Ìlobù. Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà ilé yín.

Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ojú rẹ kò ní rí ibi, yóò sì máa ríran fún àwa méjèèjì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí a jọ kọ́ṣẹ́ rédíò ní Òṣogbo,
Irewọlé.

Àfikún: Má to ohunkóhun pọ̀ lọ́hùn-ún. Kó gbogbo rẹ̀ wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan síkúrúù, kí n lè fojú ara mi tò ó. O ní Kérésìmesì lo máa wálé. Ó pẹ́ jù. Máa bọ̀ ní Àjíǹde.