Pátákó Tí Mo Gbé Síwájú Ilé Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Èmi náà wà, mo ń jẹun, mo ń sùn. Ọlọ́run tó fi ọ́ fún mi kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ilé ló mú mi kọ ìwé yìí. Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ tó bímọ dé, mo bá pátákó ńlá kan níwájú ilé wa, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣìnà ni, àfìgbà tí mo rí kọ́tìnnì mi lójú fèrèsé. Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, tọkọtaya kan ti ń yọjú wo yàrá mi, ìyàwó ní ògiri tó wà láàárín yàrá mi àti tìrẹ nìkan làwọn máa wó. Mo fún wọn lómi mu, torí àlejò ni wọ́n.

Àbúrò bàbá rẹ ló gbé e síbẹ̀. Mo pè é, ó ní ilé ti tóbi jù fún èmi nìkan, pé bí òun bá tà á, òun á gba yàrá kan fún mi. Mo ní èmi ni mo ru yanrìn tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, fi kọ́ ọ, oyún rẹ sì wà nínú mi nígbà náà, nítorí náà ìwọ náà ru díẹ̀. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ni mo bá ní kí káfíńtà ìtòsí wa kan pátákó fún èmi náà. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ. Ẹ MÁ BÍNÚ. Mo gbé e ti tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ káńsù kan fi dé, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó mú tépù dání. Ó ní òfin wà fún pátákó onígbà díẹ̀ níwájú ilé tí èèyàn ń gbé: ẹyọ kan péré ni, kò gbọdọ̀ tóbi jù, ẹni tó ń gbénú ilé ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ fi fóònù ya pátákó mi, mo tún ìró ró, mo dúró tì í. Ó ní òun ò nílò èmi. Mo ní kó yà mí mọ́ ọn, kí ọ̀gá rẹ̀ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá mo fọwọ́ sí ti àbúrò bàbá rẹ. Mo ní rárá. Ló bá hú u, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀.

Àmọ́ ó ní tèmi náà, tó bá ti pé oṣù kan, kí n gbé e kúrò. Mo bi í pé ṣé ilé á wá di títà nìyẹn. Ó ní rárá, màmá, pátákó ló ń parí, kì í ṣe ilé. Ó ṣàlàyé títí, mo ń mi orí, kò yé mi. Báwo ni àwọn tó ń wo ilé kiri á ṣe mọ̀? Mo wá bi í pé bí èèyàn bá jókòó síwájú ilé ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ń gba àṣẹ? Ó ronú, ó yẹ ìwé òfin wò, ó ní èèyàn kì í ṣe pátákó, kí n jókòó bó ṣe wù mí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ kọjá lánàá, ó rí mi lórí àpótí, ó ní ṣé mò ń gbatẹ́gùn ni. Mo ní rárá, mò ń gbélé ni.

Jọ̀ọ́, fi owó àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì ránṣẹ́. Má fi sí báńkì, nọ́ńbà ni wọ́n máa ń fi hàn mí níbẹ̀, n kì í rí owó. Fi rán awakọ̀. Fi kún un díẹ̀ kó lè tó àga méjì, torí tí o bá gba ìsinmi, wàá wá jókòó kí n lè wọlé lọ sùn.

Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ilé tí o ò ní fẹ́ tà.

Èmi ìyá rẹ, níwájú ilé.