Àdín Inú Aago Yín

Bàbá mi tó wù mí kí n tún rí,

Mo kí yín, òkun o. Ọyẹ́ ti dé sí Kábà báyìí. Ètè gbogbo wa ti là, eruku ò sì jẹ́ kí a rí òkè tó wà lẹ́yìn ilé mọ́. Irú àsìkò yìí ni ẹ máa ń bá aago ọwọ́ yín jà, tí ẹ máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìsìn bá ti ń parí lọ, tí ẹ ó sì máa bú ọkùnrin tó tà á fún yín.

Aago náà ti di tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ọ̀kadà àti oko ọ̀nà Ìkòyí ìtòsí wa níbí, wọ́n wá na aago sí èmi obìnrin, wọ́n ní kí n fi ṣe ìrántí. Aago tó ti dákẹ́ látìgbà tí ẹ ti kú, tí a yí títí tí kò dáhùn! Inú bí mi, kí n má purọ́. Mo jù ú sínú agolo tí mo ń kó bọ́tìnnì sí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo ní ó dàárọ̀.

Màmá ni kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ojú wọn ti ń ṣú kí ẹ tó lọ. Ní báyìí, etí ni wọ́n fi ń ríran, wọ́n sì ní ilé yìí ti dákẹ́ jù. Àṣé apá yín tí aago wà ni wọ́n máa ń gbé orí lé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìró rẹ̀ ló ń mú wọn sùn. Ta ni ìbá sọ irú ẹ̀ fún ọmọ? Màmá tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ mí, Bàbá, pé kí n jẹ́ kí àwọn tún gbọ́ aago yẹn kí àwọn náà tó lọ.

Kí ni mo mọ̀ nípa aago? Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo mọ̀. Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí, mo ra àwọn irinṣẹ́ tíńtìnní tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Òórùn yín ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Àdín! Bàbá, ẹ kán àdín sínú aago? Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ó yẹ kí n ti fura. Ilẹ̀kùn dún, àdín. Ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ le, àdín. Ọmọ wúkọ́, orúnkún ń dùn yín, àdín náà ni. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé, tí àdín inú ilé bá dì, ti inú aago náà á dì, aago á máa wọ́ bí ìgbín. Ẹ wá ń bú oníṣòwò aláìṣẹ̀ látọdúnmọ́dún. Àbí ẹ mọ̀, ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀?

Àdín náà ti gan pọ̀ mọ́ eruku oko, ó ti dà bí oje igi. Mo tú aago náà wẹ́wẹ́. Nǹkan kékeré kan fò bọ́ lọ́wọ́ mi, mo wá a títí, n kò rí i. Ni mo bá gbá gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo fi asẹ́ èlùbọ́ sẹ́ ìdọ̀tí náà kí n tó rí i. Àwọn oníbàárà mi rò pé orí mi ti dàrú.

Mo wá da gbogbo rẹ̀ sínú bẹntiróòlù kí ó lè mọ́, àti ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àdín inú ìdérí yẹn ṣe ń ṣí kúrò ni mo rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan, tí àpá kan là kọjá láàárín wọn. Yéè, Bàbá! Àtàǹpàkò yín ni. Ẹ ti fi ọwọ́ tí àdín wà tẹ̀ ẹ́ nígbà kan, ó sì gan síbẹ̀, pẹ̀lú àpá ibi tí àdá ti ṣá yín lóko iṣu. Mo yọ ìdérí náà kúrò nínú bẹntiróòlù kíá. Ó ti lọ. Irin lásán ló ń dán lọ́wọ́ mi. Ẹkún tí n kò lè sun níbi ìsìnkú yín, orí ìdérí aago ni mo ti sun ún.

Aago náà ṣiṣẹ́ o. N kò mọ bí mo ṣe tò ó padà, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá gbé e sí imú, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ní ó ń sáré jù. Wọ́n ní kò rùn bíi tiyín mọ́.

N kò lè purọ́ fún wọn. Mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri lọ síbi tí agolo àdín yín ṣì wà, wọ́n ní kí n ṣí ìdérí aago náà. Wọ́n di àtàǹpàkò mi mú, wọ́n tì í bọ inú àdín tó ti dì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí náà. Ọwọ́ wọn wà lórí ọwọ́ mi, wọn ò sì tètè jẹ́ kí n gbé e.

Àtàǹpàkò mi fẹ̀ bíi tiyín gan-an. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àpá nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Màmá gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ń sun oorun ọ̀sán báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkàn tèmi ni kò balẹ̀. Àmì àtàǹpàkò tiyín rí ọ̀pọ̀ ọdún fi gan. Tèmi ṣì rọ̀, ọyẹ́ nìkan ló dì í mú. Bí ooru bá dé, Bàbá, tí àdín náà bá yọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn pé ó kù nínú aago yìí?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bíi tiyín lónìí.