Ọmọ Ẹdun Tó Kórìíra Ọ̀bọ

Ilé Ládòkun,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Tẹ̀dé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
17 Oṣù Kẹta, 2025.

Mùyìbátù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìsẹ́yìn? Ẹsẹ̀ bàbá Ṣùkúrù ńkọ́, ṣé ó ti ń tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀? Ooru ibí kò ṣe é fẹnu sọ, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, àìsàn kò gbé wa dè.

Mo ní kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, inú mi kò gbà á. O rántí Kẹ́hìndé, ọmọ Ìyá Ìbejì, tó máa ń jókòó lẹ́yìn wa nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó máa ń jí ìdáhùn wa wò? Òun ni alága ẹgbẹ́ òbí iléèwé girama ibí báyìí. Ó lọ sí àpérò kan ní Ìbàdàn, wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé irọ́ ni ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n, pé kò sí ẹ̀dá tó ń yí padà láti ìran dé ìran, pé ẹ̀kọ́ náà gan-an ló ń ba ayé jẹ́. Bó ṣe dé, Waheedat ọmọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bàọ́lọ́jì, ló kọjú ìjà sí. Ẹgbẹ́ òbí ló ń san owó oṣù rẹ̀, Kẹ́hìndé sì pe ìpàdé pé kí wọ́n lé e, nígbà tí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbọ́ ìsọkúsọ rí, ti ìpàdé ọjọ́ Sátidé yìí ga. Nínú ooru yìí, kóòtù ni Kẹ́hìndé wọ̀. Ó ní ta ló ti rí ọ̀bọ tó di èèyàn rí. Ta ló ní ó dà á? Waheedat ti ṣàlàyé títí pé ìbátan ni ọ̀bọ àti èèyàn, pé ara baba ńlá kan náà ni ìran méjèèjì ti ya. Àwọn ará ilé wa tó wà ní Ìlerò, ṣé àwa la bí wọn ni? Ó tún ní ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ọ̀bọ ni ìbátan rẹ̀ á máa jalè, á máa ṣe yàhúù. Hẹn! Àwọn tó kó ewúrẹ́ Dayọ̀ aládùúgbò mi lọ lọ́dún tó kọjá, inú Bàọ́lọ́jì ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ó ní Ọlọ́run lòun ń gbèjà. Ọlọ́run tí mò ń forí kanlẹ̀ fún lójoojúmọ́ kò bẹ agbẹjọ́rò tó ń jí ìdáhùn wò níṣẹ́.

Ibi tó ti ń pariwo pé òun kì í ṣe ìbátan ọ̀bọ ni Ìyá Ìbejì ti dìde níwájú. Inú màmá ń dùn pé ọmọ òun ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ẹ̀jìrẹ́ mi! Ẹdúnjọbí! Ọmọ ẹdun afò-lórí-igi!" Ọ̀bọ kúkú ni ẹdun, Mùyìbátù! Ilé tí wọn kì í fẹnu kan ẹran ẹdun nítorí ìbejì! Táyé, èkejì rẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbè é. Kẹ́hìndé bẹ màmá pé kó jókòó.

Màmá ní, "Kí ló dé? Ọmọ ẹdun ni mò ń kì ọ́ látìgbà tó o ti wà lẹ́nu ọmú, o ò bínú, o ò sì jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Àbí oríkì ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ní kí àwọn tó fẹ́ kí Waheedat lọ nawọ́, kò sẹ́ni tó na tirẹ̀.

Mo yọ̀ títí a fi délé. Àfi bí Waheedat ṣe ti ilẹ̀kùn, tó ń sunkún. Ó ní kì í ṣe Kẹ́hìndé ló dun òun. Gbọ̀ngàn kún fún àwọn tí òun ń kọ́ ọmọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn iléèwé, wọ́n gbọ́ tí Kẹ́hìndé ń pe òun ní abàlújẹ́, kò sẹ́ni tó lanu. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni. Mo nu omijé rẹ̀, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi: Ká ní ibà dá Ìyá Ìbejì dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Bá mi kí bàbá Ṣùkúrù. Kí Misturat ọmọ rẹ náà, kó o sì sọ fún un pé bí olùkọ́ kan bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa, kó má ṣe jókòó dákẹ́ nípàdé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Sàfúrátù.